Ìṣẹ́jú Mẹ́ta Tí Wọ́n Fún Àdúgbò Wa

Aṣọ funfun kì í pẹ́ funfun ládùúgbò wa ní Mushin. Èmi tí mò ń rán yúnífọ́ọ̀mù fún àwọn ọmọ ilé ìwé láti Àgùdà títí dé Ojúẹlẹ́gba, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Bí mo bá gé aṣọ láàárọ̀, tí mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì pé kí n sáré jẹun, kí n tó padà dé, eérú dúdú á ti bà lé e. Ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ nù ún o. Bí ẹ bá nù ún, ó di ìlà, ìyá ọmọ á sì bi yín bóyá yúnífọ́ọ̀mù ọmọ òun lẹ fi ń nu ìdí ìkòkò. Ẹnu la fi ń fẹ́ ẹ. Gbogbo ọjọ́ tí mo lò nílé yẹn, mò ń fẹ́ aṣọ lẹ́nu bí ẹni ń fẹ́ iná.

Èéfín náà kò ti òkèèrè wá. Ẹ̀yìn ilé wa gan-an ni Alájì ti ń rọ ìkòkò, àwọn ìkòkò ràgàjì tí wọ́n fi ń se ìrẹsì òde. Wọ́n á kó agolo, ìkòkò tó ti lu àti ẹ́ńjìnnì mọ́tò tó ti kú jọ, wọ́n á fi ọ́ìlì dúdú tí àwọn mẹkáníìkì ti dà nù dáná sí i. Bí iná bá fẹ́ kú, wọ́n á sọ táyà sí i. Nígbà tí irin bá yọ́, wọ́n á dà á sínú yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ti gbẹ́ bí ìkòkò. Ìkòkò á jáde, á máa dán. Èéfín ní tirẹ̀ á gba ojú fèrèsé wa wọlé láì kágò.

Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ aṣọ nìkan ni, mi ò bá má jà. Àbúrò mi obìnrin, àbíkẹ́yìn ìyá wa, ló ń gbé lọ́dọ̀ mi. Láti kékeré ló ti ní ikọ́ fée, èyí tí wọ́n ń pè ní ásímà. Bó bá lọ sílé ìyá wa ní Ìjẹ̀bú, ó lè lo odindi ìsinmi níbẹ̀ láì wúkọ́ rárá. Àmọ́ Yábàá ni iṣẹ́ rẹ̀ wà, ní ọ́fíìsì àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà, Mushin sì ni èmi rí ilé gbà sí. Ẹ wá wo ọmọbìnrin yìí láàárọ̀ tí Alájì bá tan iná: èjìká rẹ̀ á máa lọ sókè sódò, ọ̀fun rẹ̀ á máa súfèé, á nawọ́ sí mi pé kí n gbé ínhélà fún òun, ìgò kékeré tó máa ń fín sẹ́nu. Bó bá fín in tán, á rọra rẹ́rìn-ín, á ní, "Àǹtí mi, ẹ má wò mí báyẹn, mi ò tíì kú." Mo máa ń bú u gidi fún ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ̀rù ló ń bà mí.

Ẹ má tíì bínú sí Alájì o. Èèyàn dáadáa ni, ìyẹn gan-an ni wàhálà ibẹ̀. Òun ló gbẹ́ bóhòlù tí gbogbo wa ti ń pọnmi, kò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà ààwẹ̀, ṣúgà àti mílíìkì á dé ilé kálukú, mùsùlùmí ni o, kìrìsìtẹ́nì ni o. Bí ikọ́ àbúrò mi bá sì le kọjá ohun tí ínhélà lè ṣe, mọ́tò ta ni a fi ń gbé e lọ sọ́síbítù? Mọ́tò Alájì ni. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń wà á, á máa fọn fèrè, á máa yọ orí síta, á máa ké, "Ọmọ mi ń kú lọ o, ẹ yà!" Ẹ wá sọ fún mi bí ẹ ṣe máa bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ jà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àbúrò mi ti ibi iṣẹ́ dé, ojú rẹ̀ ń dán. Ó ní ìjọba àpapọ̀ fẹ́ ṣe ìlànà kan fún gbogbo Nàìjíríà nípa afẹ́fẹ́ tí à ń mí, wọn ò sì fẹ́ jókòó sí Àbújá kí wọ́n dá a kọ. Wọ́n ń bọ̀ wá jókòó sí gbọ̀ngàn kan ní Yábàá láti gbọ́rọ̀ lẹ́nu aráàlú. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan á mú ẹnì kan wá, ẹni náà á sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta.

"Ìjọba?" ni mo wí. "Ìjọba tí ò lè fún wa níná?"

"Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Wọ́n ní ẹ̀rọ kan tó ń wọn ìdọ̀tí inú afẹ́fẹ́. Kò pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ibi tí àwọn èèyàn bá ti jẹ́rìí pé èéfín ń pa àwọn ni wọ́n máa gbé e kọ́ sí, ohun tí ẹ̀rọ náà bá sì rí ni wọ́n máa fi kọ ìlànà yẹn. Tí wọ́n bá gbé ọ̀kan kọ́ síbí, kò sẹ́ni tó máa lè ní kò sí nǹkan kan. Wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ìjọba wá ilẹ̀ fún àwọn tó ń rọ irin, níbi tí kò sílé. Iṣẹ́ Alájì ò ní bàjẹ́, èmi náà á sì máa mí."

Èmi náà á sì máa mí. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, bí ẹni ń sọ pé òun fẹ́ ra bàtà.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, a jọ lọ sí ìpàdé àdúgbò. Alága wa, òṣìṣẹ́ rélùwéè Èbúté Mẹ́ta tó ti fẹ̀yìn tì, ló jókòó síwájú. Alájì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. (Ẹ má bínú pé mi ò pe àwọn àgbà yìí ní "wọ́n" bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Ọ̀wọ̀ yẹn náà ló kó bá wa.) Àbúrò mi kúnlẹ̀, ó ṣàlàyé gbogbo ẹ̀. Bàbá kan láti ẹ̀yìn ní, "A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́ o," gbogbo ojú sì yí sọ́dọ̀ Alájì. Mo ti ń so ìró mi le, mo ti ń múra ìjà. Àfi bí Alájì ṣe mirí, tó ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Èmi gan-an ń wúkọ́. Bí ìjọba bá fún mi nílẹ̀ níbòmíì, ọ̀la ni mo máa kó lọ." Ó kù díẹ̀ kí n dìde lọ dì mọ́ ọn.

Nítorí náà, ẹ rántí: kò sí ọ̀tá kankan níbẹ̀. Gbogbo wa la gbà.

Ó wá ku ẹni tó máa lọ sọ̀rọ̀. Mo rò pé ìyẹn ò lè di ìjíròrò. Ọmọ tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dáadáa, tó jẹ́ pé àyà tirẹ̀ ni èéfín ń dí, òun náà ló kúnlẹ̀ síwájú wọn yẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kò yẹ kí àgbà wà nílẹ̀ kí wọ́n wá rán ọmọdébìnrin lọ síwájú ìjọba, bí ẹni pé gbogbo wọn ti kú tán. Ẹnu àgbà lobì ti ń gbó. Alága ni kó lọ. Mo la ẹnu, àbúrò mi fi ìgúnpá gún mi. Ó ní, "Kò burú, ẹ̀yin bàbá wa. Màá jókòó ti Bàbá, a ó jọ tò ó."

Ó sì jókòó tì í lóòótọ́. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni Alága ń wá sórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù mi, àbúrò mi á gbé fóònù ka itan, á máa ṣọ́ ìṣẹ́jú. Orí Bàbá yẹn pé, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Kò pẹ́ rárá tó fi mọ̀ ọ́n tinú tẹ̀yìn: ibi tí èéfín ti ń wá, ohun tí wọ́n ń jó, àwọn ọmọ tó ń fi ìjókòó sùn torí àyà tó ń dí wọn, ẹ̀rọ tí a fẹ́, ilẹ̀ tí a fẹ́ fún àwọn oníṣẹ́ irin. Bó bá dé orí àwọn ọmọ yẹn, á fi ọwọ́ lé àyà ara rẹ̀, èmi tó wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ á sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró láti gbọ́ ọ. Á sọ ọ́ tán, ìṣẹ́jú á tún ṣẹ́ kù. Ohun kan ṣoṣo ló ń ba àbúrò mi lẹ́rù.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kí wọn pẹ́ o."

Alága rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń mì. "Ṣé kí n wá dé iwájú àwọn èèyàn ńlá, kí n máà kí wọn? Wọ́n á ní irú ilé wo ni mo ti jáde. Ìkíni lásán ni, ọmọ mi. Mélòó ló fẹ́ gbà?"

Ọjọ́ pé. Gbọ̀ngàn náà tutù nini, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́. Jẹnẹrétọ̀ tó ń gbé e ń tú èéfín lẹ́yìn ògiri, àbúrò mi sì ní láti kọ́kọ́ fín ínhélà kó tó wọlé lọ gbọ́ ìpàdé lórí èéfín. Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Ó ń dùn mí báyìí.

Àwọn ará Àbújá jókòó sórí pèpéle pẹ̀lú àwọn olóyè àti àwọn aṣojú oríṣiríṣi. Ọmọbìnrin kan wà nísàlẹ̀ pèpéle, ó gbé agogo síwájú, irú èyí tí wọ́n ń lù nílé ìwé. Bí ìṣẹ́jú mẹ́ta bá pé, á lu agogo, á gba makirofóònù lọ́wọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gbé Yábàá ló ṣáájú wa. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó kàn gba makirofóònù ni, ó sọ bí jẹnẹrétọ̀ ṣe yí ilé òun ká, ó dárúkọ òpó tí wọ́n lè gbé ẹ̀rọ kọ́ sí, ó sì ti jókòó kí agogo tó dún. Alága mirí sí i. "Ọmọ tí ò lẹ́kọ̀ọ́," ló sọ sí mi létí.

Wọ́n wá pe àdúgbò wa.

Alága dìde, ó ká agbádá sí èjìká, ó rìn lọ síwájú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó gba makirofóònù, ó tẹrí ba. Ó ní òun júbà ọ̀gá tó ń darí ìpàdé. Ó júbà ìgbákejì rẹ̀. Ó kí àwọn olóyè, ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó wà lápá ọ̀tún, ó ń bọ̀ lápá òsì, kò fo ẹnì kan. Ó kí àwọn ìyá lọ́jà, ó kí àwọn ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà. Àbúrò mi di ọwọ́ mi mú. Alága gbàdúrà fún àwọn ará Àbújá pé bí wọ́n ṣe wá láyọ̀, wọ́n á padà láyọ̀, àga ò ní yẹ̀ nídìí wọn. Àmín! Gbọ̀ngàn mì tìtì. Àmín yẹn dùn mọ́ ọn nínú, mo rí i lójú rẹ̀. Ó tún fi òmíì lé e, pé wọn ò ní fojú sunkún ọmọ. Àmín! Ó wá rí i pé ọ̀kan nínú àwọn olóyè náà ti bá òun ṣiṣẹ́ ní rélùwéè rí, ó kí i lákànṣe, olóyè dìde, ó juwọ́ sí gbogbo èèyàn. Àbúrò mi ń fún ọwọ́ mi títí tó fi ń dùn mí.

"Ní báyìí," Alága wí, "kókó ọ̀rọ̀ tó gbé mi wá..."

Agogo dún.

Ó wò yíká bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Ọmọbìnrin náà ti nawọ́ sí makirofóònù. Kí Bàbá má bàa padà lọ́wọ́ òfo, ohun tí àwọn àgbà àdúgbò ti ń bẹ ìjọba fún láti ọjọ́ pípẹ́ ló bọ́ sí i lẹ́nu: "Ẹ bá wa tún ọ̀nà wa ṣe!" Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin tó ń kọ̀wé lórí pèpéle kọ ọ́ sílẹ̀.

Àbúrò mi dìde dúró. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, a ò tíì sọ nǹkan kan." Ọ̀gá tó ń darí ìpàdé rẹ́rìn-ín sí i bí ìgbà tí bàbá bá ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ. Ó ní bàbá wa ti sọ̀rọ̀, ó sì sọ ọ́ dáadáa, ẹni tó bá tún ní nǹkan lẹ́nu kó fi ránṣẹ́ sí wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó fi ránṣẹ́. Inú bọ́ọ̀sì tí a wọ̀ bọ̀ gan-an ló ti tẹ̀ ẹ́. Kò sẹ́ni tó dáhùn títí dòní.

Ìgbà tí a ó fi délé, èrò ti pé jọ síwájú ilé Alága. "Ẹ bi télọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣàmín!" ló ń wí, ó ń nawọ́ sí mi. Mo ti la ẹnu tán kí n tó rí i pé àbúrò mi ti kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ẹ ṣeun, Bàbá," ló wí. "Ẹ kú làálàá." Inú yàrá ló ti wá sunkún, kò sì lè sun ún dáadáa torí ẹkún náà ń dí i láyà. Mo ní màá padà lọ sọ́dọ̀ bàbá yẹn, màá bú u ní èébú tí kò gbọ́ rí láti ọjọ́ tó ti dáyé. Ó fa ìró mi. "Àǹtí mi, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Wọn ò mọ̀ pé àwọn ṣe nǹkan kan."

Òótọ́ ni, kò mọ̀. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bínú sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, mo sì ń bínú sí i lójoojúmọ́.

Yábàá ni wọ́n gbé ẹ̀rọ kọ́ sí, lára òpó tí ọmọkùnrin yẹn dárúkọ. Àbúrò mi máa ń yà wò ó bó bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Àpótí funfun kékeré báyìí ni, ó ní igi wà níbẹ̀, atẹ́gùn ibẹ̀ sì dára. Nígbà tó yá, a gbọ́ lórí rédíò pé ìlànà ti jáde. Wọ́n ka ọ̀rọ̀ mọ́tò, wọ́n ka ti jẹnẹrétọ̀, wọ́n ka ti iléeṣẹ́ ńláńlá. A jókòó ti rédíò yẹn títí ìròyìn fi parí. Wọn ò dárúkọ àwọn tó ń yọ́ irin láàárín ilé. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Àwa ò tiẹ̀ dákẹ́. A kí wọn ni.

Ẹ má sì ní ìjọba ò gbọ́ tiwa o. Wọ́n gbọ́! Katakátá kan dé lójijì, ó ha ojú ọ̀nà wa, ó kó ìwọ̀nba ọ̀dà kóótà tó ṣẹ́ kù síbẹ̀, ó lọ, kò padà mọ́. Alága ń yọ̀, ó ń bi wá pé ṣé a rí i. Nígbà tí ọyẹ́ dé, eruku ọ̀nà yẹn gbéra, ó lọ bá èéfín Alájì, àwọn méjèèjì sì jọ ń wọlé wá bá wa.

Ọ̀sán Sátidé kan ni. Mo wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, mò ń gbọ́ bí àbúrò mi ṣe ń wúkọ́ nínú yàrá. Mo wá ṣàkíyèsí pé mi ò gbọ́ ọ mọ́. Mo sáré wọlé. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fẹ̀yìn ti bẹ́ẹ̀dì, ó ń fín ínhélà, kò ràn án. Ètè rẹ̀ ti ń dúdú. Mo figbe bọnu lójú fèrèsé, mo pe Alájì. Bó ṣe wà, tọwọ́ tẹsẹ̀ yẹ̀pẹ̀, ló sáré gbé mọ́tò. Orí àbúrò mi wà lórí itan mi. Ọ̀nà tí katakátá ti ha ò jẹ́ kí mọ́tò lè sáré, à ń fò sókè, à ń já sílẹ̀, Alájì ń fọn fèrè, ó ń ké, "Ọmọ mi ń kú lọ o, ẹ yà!" Àbúrò mi ń wò mí. Ó fẹ́ sọ nǹkan. Ọmọ tó ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀, kò rí èémí tó máa fi sọ ọ́. A ò tíì dé ọ́síbítù tí ọwọ́ rẹ̀ fi tú lára ìró mi.

Alájì pa iná rẹ̀. Ó ní títí di àdúrà ọjọ́ kẹjọ, òun ò ní rọ nǹkan kan, torí òun ń ṣọ̀fọ̀ ọmọ òun. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Yúnífọ́ọ̀mù kan tí mo ti gé kí àbúrò mi tó kú wà lórí tábìlì, mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Lọ́jọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, mo gbọn eérú àtẹ̀yìnwá kúrò lára rẹ̀, mo tún un tẹ́, mo lọ jókòó ti àwọn tó wá kí wa. Ìgbà tí mo padà débẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó ṣì funfun. Mo wo aṣọ yẹn, mo wò ó, mo káwọ́ lérí, mo bú sẹ́kún. Ohun tí àbúrò mi ń wá kiri kò ju ìyẹn lọ.

Ọjọ́ kẹjọ pé. Alájì kó ìkòkò tuntun wá fún wa pé ká fi se oúnjẹ àwọn èèyàn. Ó ti rọra sọ fún mi pé láti ọ̀la lọ, òun á tan iná padà, torí àwọn òṣìṣẹ́ òun náà ní ọmọ tí wọ́n ń bọ́. Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ní kò burú. Nígbà tí àwọn ààfáà ṣàdúrà tán, Alága dìde pé òun fẹ́ sọ̀rọ̀ lórúkọ àdúgbò. Èmi wà nídìí ìkòkò, mò ń bu ìrẹsì.

Ó kí àwọn ààfáà. Ó kí ẹbí wa tó wá láti Ìjẹ̀bú. Ó kí Alájì. Ó gbàdúrà, wọ́n ṣàmín. Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin èèyàn mi, ó sọ ọ́. Ó sọ ọ́ tinú tẹ̀yìn, bí òun àti àbúrò mi ṣe tò ó lórí bẹ́ǹṣì mi: ibi tí èéfín ti ń wá, ohun tí wọ́n ń jó, ẹ̀rọ, ilẹ̀, kò gbàgbé ẹyọ kan. Nígbà tó dé orí àwọn ọmọ tó ń fi ìjókòó sùn, ó fi ọwọ́ lé àyà. Ó dùn débi pé àwọn obìnrin ń nu ojú. Kò sí ará Àbújá kan níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ ń ròkè, ó ń bá a lọ, kò sì sẹ́ni tó máa dá a dúró.

Mo gbé ìgbakọ sókè, mo fi lu etí ìkòkò. Ó dún jù bí mo ṣe rò lọ. Gbogbo wọn yíjú sí mi.

"Ìṣẹ́jú mẹ́ta ti pé, Bàbá," ni mo wí. "Ẹ jókòó."

Ó jókòó. Kò sẹ́ni tó ṣàmín.